Àwọn Òkúta Tó Jókòó ní Ẹ̀sìẹ́

Ẹni tó bá kúrò ní Ọ̀fà, tó gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá sí ìhà ìlà-oòrùn, ti wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà. Kò ní í pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé Ẹ̀sìẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìlú yìí ni ère òkúta tó lé ní 1,000 wà. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀; jagunjagun wà níbẹ̀, onílù wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n na ọrùn, wọ́n gbójú sókè. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí gúúsù, kò sí ojúkò kan ní ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ti rí irú ère òkúta bẹ́ẹ̀ tó pọ̀ tó tibẹ̀.

Orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ ti di ohun tí ọmọ ilé-ìwé pàápàá mọ̀. Ti Ẹ̀sìẹ́ kò tíì gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀, kódà láàrin àwa tí ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú ìtàn yìí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èrò mi ni pé ìwé ni àwọn òkúta yìí, a kò tíì kà á tán, àwa tí a wà ní agbègbè wọn la sì ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a lè fi kà á.

Ọdẹ ló kọ́kọ́ kàn wọ́n

Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ kò sọ pé baba àwọn ló gbẹ́ ère wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n ń sọ láti ìran dé ìran ni pé nígbà tí àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó síbẹ̀, inú igbó ni wọ́n ti bá wọn. Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Baragbọ́n ni wọ́n dárúkọ pé ó kọ́kọ́ rí wọn níbi tó ti ń dọdẹ kiri, àwọn tó ṣírò ìgbà náà sì fi í sí nǹkan bí ọdún 1775. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tún sọ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni àwọn ère náà tẹ́lẹ̀, àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, kí agbára tó ju ti ènìyàn lọ tó sọ gbogbo wọn di òkúta lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, wọn kò fi wọ́n ṣeré, wọn kò sì kà wọ́n kún ọjà. Wọ́n yan ọ̀kan nínú wọn ṣe olórí, wọ́n ń pè é ní Ọba Ère, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn lọ́dọọdún. Ọ̀wọ̀ yìí ló dáàbò bò wọ́n kí ìjọba kankan tó ṣòfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní 1933, H. G. Ramshaw, tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, gbé ìròyìn wọn jáde síta. Ní 1937, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kan tó ń jẹ́ Daniel kọ nípa wọn nínú ìwé àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kenneth Murray, ẹni tí ìjọba fi ṣe olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1943, kò fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré rárá. Ní 1945, wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ère náà ní Ẹ̀sìẹ́. Ilé yẹn ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ti Jos kò dé títí di 1952, ti Ifẹ̀ dé ní 1954, ti Èkó sì dé ní 1957. Ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ló ṣáájú gbogbo wọn.

Lẹ́yìn náà ni Phillips Stevens, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Ó to àwọn ère náà lẹ́sẹẹsẹ, ó ya àwòrán wọn, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí wọn ní 1978. Títí di òní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nípa Ẹ̀sìẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Irun, ilà, ìlẹ̀kẹ̀ àti idà

Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn rọ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Irin tó mú lè gé e, ó lè fá a, ó lè fín in. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ fi lè fi ìfínnífínní hàn lórí rẹ̀, ju ohun tí akọ òkúta máa ń gbà lọ. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 14 lọ ní gíga. Èyí tó tóbi jù lé ní mítà kan.

Ibi orí ni àwọn agbẹ́re yìí ti lo ọgbọ́n wọn jù. Irun àwọn ère náà kò dọ́gba: òmíràn wà ní dídì sókè, òmíràn wà ní ìpele-ìpele, òmíràn dé fìlà tàbí ìborí. Ilà wà lójú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ní oríṣi. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn, ẹ̀gbà wà lọ́wọ́. Àwọn kan di idà tàbí àdá mú, apó ọfà wà lẹ́yìn àwọn mìíràn, àwọn kan sì ń lo ohun èlò orin. Obìnrin pọ̀ láàrin wọn, nínú àwọn obìnrin náà sì ni àwọn tó di ohun ìjà mú wà. Àpótí tí wọ́n jókòó lé ní orí róbótó, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹni tó bá mọ ààfin Yorùbá yóò mọ ohun tó ń wò. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń jókòó lórí àpótí níwájú ọba. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń lo irú ìlẹ̀kẹ̀ kan náà. Ìlú tó gbẹ́ ère wọ̀nyí ní ipò, ó ní oyè, ó ní ọmọ ogun, ó ní onílù, ó sì fún obìnrin láyè láàrin àwọn tó ń di idà mú. Ó tún ní oúnjẹ tó pọ̀ tó láti fi bọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní àyè láti roko fún àkókò gígùn.

Amọ̀ sísun tí wọ́n rí pẹ̀lú àwọn ère náà ni àwọn onímọ̀ fi wá ọjọ́ orí wọn, ó sì tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Àwọn kan tọ́ka sí Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orísun wọn, àwọn kan tọ́ka sí Nupe, àwọn kan tọ́ka sí Ọ̀yọ́ àtijọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ère náà ti fọ́. Orí wà lọ́tọ̀, ara wà lọ́tọ̀. Wọn kò kọ orúkọ kankan sára ìkankan nínú wọn.

Ohun tí ìtàn àwọn Máyà kọ́ wa

Ní òdìkejì òkun, ní gúúsù Mẹ́síkò, ní Guatemala, ní Belize àti apá kan Honduras àti El Salvador, àwọn Máyà náà gbẹ́ òkúta. Láàrin ọdún 250 sí 900 ni ìlú wọn gbòòrò jù: Tikal, Palenque, Copán, Quiriguá. Wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, wọ́n sì ri òpó òkúta mọ́lẹ̀ sí ojúde ọba. Òpó kan ní Quiriguá, tí wọ́n gbé dúró ní 771, ga ju mítà mẹ́wàá lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin òpó wọn àti ère Ẹ̀sìẹ́ ni pé wọ́n kọ̀wé sára tiwọn: orúkọ ọba, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tó gorí ìtẹ́, ọjọ́ tó ṣẹ́gun.

Síbẹ̀, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kò sẹ́ni tó lè ka ìwé náà. Ní 1562, ní ìlú Maní, àlùfáà ará Sípéènì kan, Diego de Landa, dáná sun àwọn ìwé Máyà. Mẹ́rin péré ló kù lónìí nínú gbogbo ìwé tí wọ́n fi èèpo igi ṣe. Ìmọ̀ ìkọ̀wé náà kú mọ́ àwọn tó ni ín lọ́wọ́. Àmì wà lára òkúta, ó hàn gbangba, ṣùgbọ́n kò fọhùn.

Ènìyàn méjì ló ṣílẹ̀kùn rẹ̀ jù. Èkíní ni Yuri Knorozov, ará Rọ́ṣíà, ẹni tó fi hàn ní 1952 pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì náà dúró fún ìró ohùn. Ó lè rí i nítorí pé èdè Máyà kò kú. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń sọ ọ́ nílé àti lóko, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló sì fi yẹ àmì wò. Èkejì ni Tatiana Proskouriakoff. Ní 1960, láìtíì lè ka orúkọ kankan, ó to àwọn òpó òkúta Piedras Negras ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ó wo ọjọ́ tó wà lára wọn, ó sì rí i pé ọjọ́ inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju ọjọ́ ayé ènìyàn kan lọ. Ó mọ̀ nígbà náà pé ìtàn àwọn ọba ni. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ àti òrìṣà nìkan ló wà níbẹ̀. Ní Palenque, 1952 ni wọ́n ṣí ibojì ọba kan. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tó lè pe orúkọ rẹ̀: Pakal, tó jọba láti 615 sí 683.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa. Èkíní, èdè àti àṣà tó wà láàyè ni kọ́kọ́rọ́ sí ohun tí àwọn òkú fi sílẹ̀. Èkejì, ẹni tó bá fi sùúrù to nǹkan jọ, tó wo ohun tó bára mu àti ohun tó yàtọ̀, lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu òkúta kí ó tó mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Àmì tiwa

Àwọn baba wa náà mọ bí a ṣe ń fi àmì sọ̀rọ̀. Àrokò jẹ́ ìwé tí ọba ń fi rán ìránṣẹ́ sí ọba, tí olólùfẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí olólùfẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ sọ fún ẹni tó gbà á pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí i. Ilà ojú sọ ìlú àti ìdílé kí ẹni tó kọ ọ́ tó la ẹnu. Irun dídì sọ bóyá obìnrin ti relé ọkọ, ó sọ bóyá ìyàwó ọba ni tàbí ìyá olórìṣà.

Babaláwo ń tẹ àmì sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n, ìlà kan tàbí méjì, títí odù 256 fi pé. Ọpọ́n Ifá kan tí wọ́n kó láti Àládà, ní ilẹ̀ tó di Benin lónìí, ti dé ọwọ́ oníṣòwò kan ní ìlú Ulm ní Jámánì ṣáájú 1659, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ títí di òní. Bákan náà ni ti ìṣirò. Ogún-ogún ni àwa ń kà: ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin. Ogún-ogún ni àwọn Máyà náà ń kà, wọ́n fi tóótó kan ṣe ení, wọ́n fi igi kan ṣe àrùn-ún, wọ́n sì ní àmì fún òfo. Irínwó ní orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe ní lọ́dọ̀ wa. Ìran méjì tí kò rí ara wọn rí ló gba ọ̀nà kan náà débi ìṣirò.

Lẹ́tà dé bá wa lẹ́yìn. Àwọn àfáà Ìlọrin ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde ní 1843, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, gbogbo Bíbélì sì wà ní Yorùbá ní 1884. Gbogbo èyí ṣe wá láǹfààní púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà ṣe ń gbilẹ̀ ni iye àwọn tó lè túmọ̀ àrokò, ilà àti irun ń dín kù.

Ilé tí òjò wó àti èyí tí ilẹ̀ bò

Àwọn tó ń wá tẹ́ńpìlì òkúta ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní rí i, nítorí amọ̀, igi àti koríko ni àwọn baba wa fi kọ́lé. Òkúta ẹfun pọ̀ ní ilẹ̀ Máyà. Amọ̀ pupa tó le ló pọ̀ ní tiwa. Ilé amọ̀ tí a bá fi sílẹ̀ láìtọ́jú, òjò ọdún díẹ̀ ti tó láti wó o. Ohun tó kù wà nínú ilẹ̀. Ní Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ilẹ̀ àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró, ní ìlà-ìlà, wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàrin rẹ̀, wọ́n sì ri ìkòkò mọ́lẹ̀ láàrin àgbàlá tí wọ́n ti ń bọ. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́-Ilé pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, odi àti yàrà tí wọ́n ń pè ní Eredò Súngbọ́ yí ilẹ̀ ká fún nǹkan bí kìlómítà 160. Ibi kan wà níbẹ̀ tí gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yàrà dé òkè odi tó mítà 20.

Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó kan, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ó rí òpó àti ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí: òjòlá tó ń pa ẹran, àwọn jagunjagun lórí ẹṣin pẹ̀lú àwọn onílù wọn. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, sì kọ ọ́ pé Aláàfin Aganjú fi òpó idẹ ṣe ààfin lọ́ṣọ̀ọ́. Àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó gbígbẹ́, kọ̀bì tó yọrí síta láti fi hàn pé ọba ló ń gbé ibẹ̀: bí ilé ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Àwọn tó jókòó sórí àpótí ní Ẹ̀sìẹ́, irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ló yẹ wọ́n.

Ọ̀fà láàrin Ifẹ̀ àti Odò Ọya

Ọ̀fà wà ní àárín méjì. Ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ ni, Ọ̀yọ́ ni orírun Ọlálọ́mí Ọlọ́fà-gangan, ọmọ ọba àti tafàtafà tó tẹ ìlú náà dó. Nínú ìtàn, Mọremí, ẹni tó gba Ifẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá, ọmọ Ọ̀fà ni. Ère rẹ̀ tí Ọọ̀ni Ogunwusi gbé dúró ní Ifẹ̀ ní 2016 ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Okùn tó so Ọ̀fà mọ́ Ifẹ̀ ti wà tipẹ́tipẹ́.

Ní ìhà àríwá, ní etí Odò Ọya, abúlé Tádà wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara yìí kan náà. Ère bàbà kan jókòó níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran, ó ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 54, bàbà rẹ̀ sì mọ́ gaara. Àwọn ará abúlé sọ pé Tsoede, olùdásílẹ̀ ìjọba Nupe, ló gbé e wá láti Ìdá. Nígbà tó wà níbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jimọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e lọ sódò, wọn a fi yanrìn fọ̀ ọ́, kí ẹja lè pọ̀ kí aya wọn sì lè bímọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é bá ti Ifẹ̀ mu, ọjọ́ orí rẹ̀ sì dé ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá tàbí ìkẹrìnlá. Nítorí náà, láti Ifẹ̀ títí dé Odò Ọya, ọ̀nà kan wà tí bàbà, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n ń ṣe ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀, àti ọgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbà kọjá. Ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ àti ilẹ̀ Ìgbómìnà wà láàrin orígun méjèèjì yìí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka Ẹ̀sìẹ́ sí ohun àjèjì tó jábọ́ láti ọ̀run.

Ogun pẹ̀lú kọjá lórí ilẹ̀ yìí. Ọmọ ogun Ìlọrin dó ti Ọ̀fà fún ìgbà pípẹ́, ìlú sì wó nígbẹ̀yìn. Àwọn ará ìlú fọ́n káàkiri. Kí ogun yìí tó dé, Ọ̀fà ti ṣí láti ojúlé kan sí òmíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ilé kò bá wọn rìn, ṣùgbọ́n oríkì bá wọn rìn. Òun ló jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ nígbà tí wọ́n padà. Àwọn tó gbẹ́ ère Ẹ̀sìẹ́ kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Òkúta wọn dúró, àwọn tó ń kì wọ́n ti lọ.

Ọwọ́ tó ṣì mọ̀ ọ́n ṣe

Ọgbọ́n ère gbígbẹ́ kò parẹ́ ní agbègbè yìí. Ní Òsì, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, Aréógun gbẹ́ ilẹ̀kùn, òpó àti ọpọ́n Ifá tí gbogbo ayé ń wá, títí ó fi kú ní 1954. Bámidélé, ọmọ rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Bandele, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bandele ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti tún kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àlùfáà Kevin Carroll kó àwọn agbẹ́gilére jọ sí láàrin 1947 sí 1954. Fákẹ́yẹ gbé iṣẹ́ náà dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kí ó tó kú ní 2009. Nínú iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí, ẹ ó rí obìnrin tó kúnlẹ̀, jagunjagun lórí ẹṣin, onílù, irun tí wọ́n fín ní fínnífínní. Igi ni tiwọn, òkúta ni ti Ẹ̀sìẹ́, ṣùgbọ́n ojú tó mọ ìtumọ̀ ipò, irun àti ìlẹ̀kẹ̀ kò yàtọ̀.

Ohun tó kù láti ṣe

Ní 1997, ní Amsterdam, àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà àti Yúróòpù kó orúkọ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Áfíríkà tí olè ń lépa jù jọ, àjọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, ICOM, sì fi wọ́n ṣe Ìwé Pupa. Ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ti Nok àti ti Ifẹ̀. Ère tí olè bá jí lọ kì í ba ara rẹ̀ nìkan jẹ́. Ó ń yọ ẹnìkan kúrò nínú ẹgbẹ́ tí a kò tíì kà tán, àwọn tó kù kò sì ní sọ gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́. Nítorí náà, iná, ògiri, olùṣọ́ àti owó oṣù tó tó fún òṣìṣẹ́ ni ohun tí Ẹ̀sìẹ́ nílò kíákíá.

Iṣẹ́ kejì wà lọ́wọ́ wa. Stevens ti to àwọn ère náà sílẹ̀ fún wa. Ó kù kí a pe onídìrí àgbà wá, kí ó dárúkọ irun tó bá mọ̀. Kí a pe olóólà, kí ó wo ilà. Kí a pe agbẹ́gilére láti Òsì àti Ìlá, kí ó sọ irú irin tó gba ibi kọ̀ọ̀kan kọjá. Kí a sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ ní Yorùbá, lábẹ́ àwòrán ère kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ọ̀fà àti ti Ìlọrin lè ṣe èyí. Àwọn ilé-ìwé girama Ọ̀fà lè kó ọmọ wọn lọ sí Ẹ̀sìẹ́, kí wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ère kan láti wò dáadáa, kí ó sì kọ gbogbo ohun tó rí.

Àwọn Máyà ti gba orúkọ àwọn ọba wọn padà, nítorí pé ẹnìkan to òkúta jọ, ẹlòmíràn sì tẹ́tí sí èdè tó wà láàyè. Ohun méjèèjì wà níkàáwọ́ wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́. Kí a bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tí àwọn tó mọ irun àti ilà wọ̀nyí ṣì wà láyé láti dáhùn ìbéèrè wa.